Ẹ Jẹ́ Ká Fi Igbó Ẹ̀yìn Pápá Sílẹ̀ fún Àwọn Ọmọ

 

Ọ̀rọ̀ igbó tó wà lẹ́yìn pápá ìṣeré ilé-ìwé wa ni wọ́n ní kí n sọ. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kí owó lè máa wọlé. Èmi ò bá owó jà. Ṣùgbọ́n igbó tí a bá ti gé, ta ni yóò bá wa dá a padà?

Ẹ wo Lekki l'Ékòó. Láti ọdún 1990 ni àjọ Nigerian Conservation Foundation ti dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀, nǹkan bí hẹ́kítà 78. Ilé ti yí i ká, síbẹ̀ ọmọ ilé-ìwé ṣì ń rí ọ̀bọ níbẹ̀. Ẹ tún wo Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Lábẹ́ igi, létí odò, ni wọ́n ti ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó. Ẹ̀kọ́ igi àti ẹ̀kọ́ ìtàn wá di ọ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n owó mọ́tò ńkọ́? Mélòó nínú àwọn òbí ló lè san án? Tiwa nìyí nílé, àfẹsẹ̀rìn ni.

Ẹ bi ọmọ yín kó fi igi akòko hàn yín, igi tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ fi jẹ oyè. Ẹ ó rẹ́rìn-ín! Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá aláró wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gún ewé elú, tí wọ́n ń ṣù ú, tí wọ́n ń sá a gbẹ, kí wọ́n tó fi omi eérú rẹ ẹ́ di aró. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ aṣọ kan kò ní gbàgbé láéláé.

Ìyá kan bi mí pé, ejò ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. A ó máa ro ojú ọ̀nà, ọmọ yóò wọ bàtà, olùkọ́ ni yóò ṣíwájú. Ahéré kan àti bẹ́ǹṣì ti tó. A ò nílò ilé aláruru.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó gbin pèrègún sí ààlà igbó náà, bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Ẹni tó bá lè wá, kó mú àdá dání. Oúnjẹ ń bẹ.