Ìbò Abẹ́lé Kọ́ Ni Òpin: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọmọ Yorùbá Ugborikoko



Warri ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe Ugborikoko, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Uvwie ni, Uvwie sì wà lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ tí ń yan sẹ́nétọ̀ Àárín Gbùngbùn Delta. Láti ọdún 2023, Sẹ́nétọ̀ Ede Dafinone ni ó wà lórí àga náà. Bí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dìde láti bá a du tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Àga ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni.

Ẹ rántí ọdún 2015. Emmanuel Aguariavwodo ni ó wà lórí àga, ṣùgbọ́n Ighoyota Amori ni ẹgbẹ́ PDP fà kalẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, Ovie Omo-Agege ti ẹgbẹ́ Labour ni ó wọlé. Ẹgbẹ́ ní ń fúnni ní tíkẹ́ẹ̀tì. Olùdìbò ní ń fúnni ní àga.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ohùn òun dé inú ìbò abẹ́lé, kí ó forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí ó wù ú, ní wọ́ọ̀dù tí ó ń gbé. Ẹni tí ó forúkọ ìdìbò sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì, kí ó tètè lọ bá àjọ INEC, kí wọ́n gbé e wá síhìn-ín.

Kí ẹ bi ẹni tí ó wà lórí àga pé: “Kí ni ẹ ṣe?” Kí ẹ bi ẹni tí ó fẹ́ gbà á pé: “Kí ni ẹ óò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?” Ẹni tí kò ní káàdì, ta ni yóò dá a lóhùn?