Ẹnu Onígbàgbọ́ Láàárín Ọjà

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa, ẹ má bínú pé inú Bíbélì ni ọ̀rọ̀ wa ti wá lónìí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Jákọ́bù Mímọ́ fi ahọ́n wé iná kékeré tí í jó igbó ńlá. Àwa ará Sókótó sì mọ iná. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, iná jó ọjà ńlá wa, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì ṣòfò. Oṣù kan kò tíì pé tí a fi gbọ́ ìròyìn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn. Iná ti ibẹ̀ yẹn, láti ẹnu ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Tòmátì dànù lọ́wọ́ alábàárù kan tí ó jẹ́ ará Òkè Ọya. Wọ́n ní kí ó kó o kúrò. Ọ̀rọ̀ di asọ̀, asọ̀ di ìjà. Ọmọ Yorùbá kan kú. Lẹ́yìn náà ẹ̀mí ṣòfò níhà méjèèjì, wọ́n sun ilé àti ìsọ̀, ìjọba sì ti ọjà náà pa. Àwa tí a wà níhìn-ín ń fi ojú kan sùn.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Lẹ́yìn gbogbo èyí, alábàárù kan gbé ẹrù dé ìsọ̀ wa, páálí kan bọ́, àwo mẹ́rin sì fọ́. A bú u ní Yorùbá, a bú u mọ́ ìyá rẹ̀, a ṣáà ní kò gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa gbogbo àfọ́kù tán, ó wá fi Yorùbá tí ó já gaara wí pé: "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Sábó ní Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí." Ojú tì wá. A bẹ̀ ẹ́. Ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kò gbé ẹrù wa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Láti ọdún 1916 ni Sábó Ìbàdàn ti wà. Bí a ti jẹ́ àlejò wọn níhìn-ín ni wọ́n jẹ́ àlejò wa lọ́hùn-ún.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821, ogun tí àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí Yorùbá jọ jà kó o ní Òṣoogùn, wọ́n sì tà á lẹ́rú. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Bí ẹnìkan bá ní ìdí láti sọ̀rọ̀ burúkú sí Mùsùlùmí, òun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń bi í léèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀ níwájú Ẹ́míà Ìlọrin, kò bú ẹ̀sìn wọn. Ìwé Mímọ́ ní èdè Yorùbá ni ó ṣí, tí ó sì kà fún wọn.

Èyí kì í ṣe ojo. Bí ẹnìkan bá jẹ yín lówó, ẹ béèrè; bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èébú sí i. Ọ̀rọ̀ dídùn sí ọlọ́pàá àti sí oníbàárà ńlá kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rù tàbí owó lè fà á. Ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ẹni tí kò lè dá wa lóhùn ni a ó fi mọ̀ bóyá Kristi wà nínú wa.

Nítorí náà a bẹ̀ yín: kí a máa kí alábàárù kí a tó rán an níṣẹ́, kí a má ṣe sọ "Gàmbàrí" di èébú lẹ́nu àwọn ọmọ wa, bí nǹkan bá sì fọ́, kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ó fi ara pa.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹnu wa. Àmín.