Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ọ̀rọ̀ lórí Ilé Àtijọ́ àti Ààbò Rẹ̀



Nígbà ọdún, aṣọ àti ìlù ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ń tọ́jú aṣọ àti ìlù náà sí láti ọdún dé ọdún. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí, ojúde ilé ni wọ́n sì ti ń jó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ òní fi dá lórí ilé: ilé àtijọ́ tí òfin dáàbò bò, àti ohun tó mú kí àwọn kan dúró nígbà tí àwọn mìíràn wó.

Èyí tó sún mọ́ jù ni àwọn ilé Àgùdà ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo. Àwọn Àgùdà ni àwọn tó jẹ́ ẹrú ní Brazil, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú ọmọ wọn. Púpọ̀ nínú wọn padà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní ìlú Salvador ní Bahia ní ọdún 1835. Nàgó ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá ní Bahia, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ ará agbègbè yìí. Wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: iṣẹ́ mọlémọlé, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ.

Kò ṣòro láti dá ilé wọn mọ̀. Ojú ilé dọ́gba: ẹnu ọ̀nà wà láàárín, iye fèrèsé apá ọ̀tún sì ni ti apá òsì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la àárín ilé já dé àgbàlá, yàrá sì kọjú sí yàrá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Orí fèrèsé tẹ̀ bí ọrun, ìlẹ̀kùn fèrèsé jẹ́ pákó tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ wọlé. Wọ́n fi òdòdó àti okùn alámọ̀rẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sí ojú ògiri. Mọ́ṣáláṣí ńlá Porto-Novo, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1912, jọ ṣọ́ọ̀ṣì Salvador nítorí pé ọwọ́ tó mọ irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ló kọ́ ọ. Síbẹ̀, ilẹ̀ pupa tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ní Adja-Ouèrè náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ògiri wọ̀nyí. Rírẹ́ ni wọ́n rẹ́ ẹ tó fi dà bí òkúta.

Àwọn òyìnbó náà ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1811 sí 1820, àìsàn kò jẹ́ kí Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè jọba mọ́, ọmọ rẹ̀ sì ṣe adelé. Nígbà náà àti ní àwọn ọdún tó yí i ká, àwọn ọlọ́lá kọ́ ilé ńláńlá sí oko, wọ́n mọ bíríkì, wọ́n rẹ́ ẹ kó lè jọ òkúta, wọ́n sì jẹ́ kí ojú ilé dọ́gba. Lónìí, ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ààbò. Ẹni tó ni ín lè máa gbé inú rẹ̀, ó sì lè tà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ wó o tàbí kí ó yí i padà, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí kò bá gbà á, ilé ẹjọ́ lè dá a lẹ́bi.

Ìwé nìkan kò gbé ilé dúró. Ẹ wo ìlú Èkó. Ilé Àgùdà kan wà ní Tinubu tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ ní 1855. Ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé ààbò ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ìwé fi wà, ọjọ́ kan péré ni ilé fi lọ. Ní Èkó kan náà, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí ọmọlé Àgùdà João Baptista da Costa kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì dúró. Àwọn èèyàn ń kírun nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí òrùlé rẹ̀ bá jò, ẹnìkan yóò rí i kí ọjọ́ tó kanrí.

Òfin wà ní Benin náà. Ní 2021 ni wọ́n ṣe òfin tuntun lórí ààbò ogún àṣà. Àmọ́ bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ilé alámọ̀ kì í déédéé wó. Páànù kan ló máa ń ṣí, òjò á gba ibẹ̀ wọlé, ikán á tẹ̀ lé òjò. Àwọn mìíràn a sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀, wọ́n rò pé àwọn ń tún un ṣe. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí: omi á há sínú ògiri, amọ̀ á rọ̀, sìmẹ́ǹtì á sì bó wálẹ̀. Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ amọ̀, tàbí ẹfun. Owó páànù kan kò tó owó ògiri kan.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún oníkálukú. Kí àwọn aláṣẹ kọmúùnù kọ orúkọ ilé àtijọ́ sílẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n sì pe ìdílé jókòó kí ẹnikẹ́ni tó wó òkankan. Kí olórí ẹbí má fi ilé bàbá sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wálé ọdún gun òrùlé wò kí òjò tó dé, kí ẹ tó padà sí Cotonou tàbí Èkó.

Ilé tí ẹ̀ ń jó níwájú rẹ̀ lónìí, kí àwọn ọmọ yín náà rí i jó níwájú rẹ̀. Ọdún á yabo, àṣèyí ṣàmọ́dún.