Ta Ni Yóò Ka Sáàmù Fún Wa?

Láti Peckham níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ ni, ẹ má wo ojú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo fẹ́ ká jọ sọ.

Ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí. Nígbà kan, a ní bàbá Yorùbá kan ní wọ́ọ̀dù. Mi ò ní sọ orúkọ, mi ò sì ní sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bàbá ti ń lọ. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílùú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ti kúrò lẹ́nu wọn, Yorùbá nìkan ló kù. Wọ́n ní kí ọmọ àwọn ka Sáàmù 23 fún àwọn. Bíbélì wọn wà lórí tábìlì, ó ti gbó. Ọmọ ṣí i, ó wò ó títí, ó bú sẹ́kún. Kò lè kà á. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á." Mo kà á. Bàbá di ojú, ètè wọn ń bá mi lọ.

Mo délé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ní kí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, ka ẹsẹ kan fún mi. Ó ní, "Mọ́mì, kí ni àwọn àmì tó wà lórí ẹ̀ yìí?" Mo wá bi í pé, ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ni wọ́n kà ní Mísà lọ́jọ́ Sunday? Kò rántí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi náà ò rántí! Ẹ̀bi ọmọ kọ́. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún Fadá àti ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n pa ìtàn kékeré kan. Kí ló dé tí àwọn àgbà fi ń pe ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà? Àgùdà ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n padà sí Èkó. Wọ́n mú ìgbàgbọ́ Kátólíìkì bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí Fadá tó ń gbé láàárín wọn. Ọkùnrin kan tó ti ṣẹrú rí ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Padre Antonio ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlùfáà. Nígbà tí Fadá Borghero dé Èkó ní 1863, ó bá ìgbàgbọ́ nílẹ̀. Ó di 1868 kí àwọn Fadá tó máa gbébẹ̀.

Ẹ wá wò wá. Ṣọ́ọ̀ṣì Our Lady of Sorrows wà ní Bird in Bush Road níbí, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Rye Lane. Fadá wà, Mísà wà. Ṣé ó wà nílé? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Àwọn kan á ní Kátólíìkì kì í ka Bíbélì. Rárá o. Láti 1965 ni Ìpàdé Vatican Kejì ti ní kí gbogbo onígbàgbọ́ máa ka Ìwé Mímọ́ déédéé. Ní 2019, Póòpù Francis ya Sunday kan sọ́tọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, oṣù January ló máa ń bọ́ sí lọ́dọọdún.

Ohun tí à ń ṣe nílé wa báyìí kò le. Alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí mi ò bá sí níṣẹ́, ìṣẹ́jú 10 péré, a ó ka Ìhìnrere tí wọ́n máa kà ní Sunday tó ń bọ̀. Ọmọ á kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, bàbá wọn á kà á ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, ọmọ á máa tẹ̀ lé e. Àmì yẹn, mo ní kó kọ ọ́ bí orin: dò, re, mí. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè kan: "Nínú ìtàn yìí, ta ni ìwọ?" Bí mo bá wà níṣẹ́ alẹ́, mo máa ń ka tèmi sórí WhatsApp ránṣẹ́ kí n tó wọ wọ́ọ̀dù. Ní Sunday, táa bá wà ní Mísà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ọmọ á fi ìgúnpá gún mi: "Mọ́mì, tiwa nìyẹn!"

Ohun kan rèé: ọ̀pọ̀ Bíbélì Yorùbá ilé wa wá látinú ìtumọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó parí ní 1884. Ìwé 66 ló wà nínú rẹ̀. Ti Kátólíìkì jẹ́ 73. Bí ẹ bá wá Tóbítì nínú Bíbélì Màmá Àgbà tí ẹ ò rí i, kì í ṣe pé ewé ya o.

Ẹ má fi Bíbélì jẹ ọmọ níyà. Ẹ má sì fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá ṣì í pè. Ẹ̀yin tí ẹ bí síbí, tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè kà á, ẹ má tijú, ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ jọ kọ́ ọ. Àwa náà kì í ṣe é ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Alẹ́ míì, oorun á ti gbé gbogbo wa, àdúrà Mo Kí Ọ Màríà kan ṣoṣo la máa gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ka Sáàmù 23 fún màmá mi ní Ìbàdàn lórí fóònù. Ó ṣi ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún pè. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó parí, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Tún un kà."

Ọjọ́ tèmi náà ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa bẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ka Sáàmù 23 pẹ̀lú ẹnìkan nílé yín, kí ẹ wá sọ bó ṣe lọ fún mi. Ó dàbọ̀ o.