Ẹ̀jẹ̀ Tí Ń Dì Láìyẹ àti Iṣẹ́ Ọkàn



Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ọ̀rọ̀ náà sì bá àìsàn tí mo fẹ́ sọ lónìí mu régí, nítorí pé àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí Elédùmarè dá láti máa gbéjà ko àrùn ni wọ́n ṣìnà, tí wọ́n dojú ìjà kọ ara tí ń bọ́ wọn, tí ẹ̀jẹ̀ sì wá ń dì nínú iṣan níbi tí ó yẹ kó ti máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Antiphospholipid syndrome ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Graham Hughes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1983. Ó lè mú kí ẹsẹ̀ wú, ó lè fa rọpárọsẹ̀ fún ọ̀dọ́, ó sì lè máa ba oyún jẹ́ léraléra.

Ṣùgbọ́n ọkàn ni mo fẹ́ dúró lé lórí, ọkàn aṣiṣẹ́-má-tòògbé, tí ń ṣọ́ olówó rẹ̀ lójú oorun. Ní 1924, kí a tó mọ orúkọ àìsàn yìí rárá, Libman àti Sacks, àwọn oníṣègùn ní New York, ti rí kókó wẹ́wẹ́ tí ó hù sára ilẹ̀kùn ọkàn, tí kì í sì í ṣe kòkòrò àìfojúrí ló fà á. Lónìí a mọ̀ pé wọ́n wọ́pọ̀ lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dì báyìí: ilẹ̀kùn apá òsì á nípọn, kò ní pa dé dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa padà sẹ́yìn, ègé kókó náà sì lè já lọ sí ọpọlọ.

Ibi tó farasin jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fífún ẹ̀jẹ̀ jáde nìkan ni iṣẹ́ ọkàn, bẹ́ẹ̀ ewìrì tí kò là dáadáa kó afẹ́fẹ́, kí ni alágbẹ̀dẹ fẹ́ tẹ̀ jáde nínú rẹ̀? Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú àwọn iṣan tín-ín-rín inú ẹran ọkàn, ẹran náà lè le, kí ó máa fún ẹ̀jẹ̀ jáde síbẹ̀, àmọ́ kí ó má lè dẹ̀ gba òmíràn. Àyà lè má dun aláìsàn, ṣùgbọ́n mímí á nira fún un bí ó bá gun àtẹ̀gùn, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, a sì máa to ìrọ̀rí léra kí ó tó lè sùn. Síkáànì ọkàn ló ń tú àṣírí rẹ̀: aláìsàn á fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, wọn á fi jẹ́lì tútù pa á láyà, a ó sì máa wo ilẹ̀kùn náà bí ó ti ń ṣí tí ó ń pa dé.

Kí a tó gbà pé àìsàn yìí ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá àwọn èròjà tó ṣìnà náà wà níbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán sì wà láàárín wọn, torí pé àrùn mìíràn lè mú kí wọ́n yọjú fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: èròjà tí a kọ́kọ́ yọ lára ọkàn màlúù ni a fi ń ṣe irú àyẹ̀wò rẹ́kórẹ́kó kan, èsì rẹ̀ sì lè purọ́ mọ́ ẹni tó ní àìsàn yìí pé ó ní rẹ́kórẹ́kó. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ tó láti tú ilé ká.

Warfarin ni òògùn tí a ti ń lò fún un láti ọjọ́ pípẹ́, kí òṣùwọ̀n dídì ẹ̀jẹ̀ sì wà láàárín 2 sí 3. Ẹ má ṣe dá a pààrọ̀ fúnra yín: ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2018 fi òògùn rivaroxaban wé warfarin, wọ́n sì dá ìwádìí náà dúró kó tó parí, torí ẹ̀jẹ̀ tún ń dì fún àwọn tó ń lò ó ju àwọn tó ń lo warfarin lọ. Aláboyún kì í lo warfarin ní tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ heparin àti aspirin díẹ̀ ni tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo bẹ̀ yín: ìyàwó tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ẹ má wò ó ní ìwò àjẹ́, ẹ mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá jẹ́rìí, ẹ má jẹ́ kí aláìsàn náà kúrò níwájú yín láìjẹ́ pé ẹ ti wo ọkàn rẹ̀.