Báàjì Àwọn Ológun Wa Kì í Ṣe Idẹ Àlòkù Lásán



Ọ̀rọ̀ báàjì idẹ tí àwọn sọ́jà ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi sí fìlà wọn ni a fẹ́ sọ. Ní 1897 ni a dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun W.A.F.F. sílẹ̀, ní 1928 ni a fi oyè ọba kún un, tí ó di R.W.A.F.F. Igi ọ̀pẹ ni wọ́n yà sára báàjì rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá yóò rí i, yóò sì mọ̀ pé ilẹ̀ wa ni ó ti wá.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jà ní Bọ́mà láti 1943 títí dé 1945. Ọ̀nà ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n nínú igbó Arakan, nítorí náà orí ni àwọn aláàárù fi ń ru ọta ìbọn àti oúnjẹ tẹ̀lé àwọn ajagun. Alántakùn dúdú ni àmì èjìká ẹgbẹ́ ogun 81. Ti ẹgbẹ́ 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká tí ó wà níbẹ̀ fi hàn pé ẹni tí ó ru ẹrù ní ìpín nínú ìṣẹ́gun bí ẹni tí ó yìnbọn. Bárékè Arakan ní Apapa àti ti Dodan ní Ọbaléndé, orúkọ ojú ogun Bọ́mà ni wọ́n ń jẹ́.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí irú báàjì wọ̀nyí ládùúgbò wa? Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ti pọ̀ ní Ọ̀tà àti Sàngó, àwọn tí ń ra irin àlòkù ń kiri ojúlé dé ojúlé. Bí baba bá kú, àwọn ọmọ a pín ilé àti ilẹ̀. Àpótí baba, wọn a dà á síta. Idẹ tí ó la òkun já a wá di ohun tí a ń gbé sórí òṣùwọ̀n, ilé ìyọ́rin ni yóò sì parí sí. Owó rẹ̀ kò tó ra ẹ̀kọ àti àkàrà.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa máa kó wọn jọ. Èkíní, kí a má fi owó rà wọ́n, kí ọmọ má baà jí ti baba rẹ̀ tà, kí oníṣòwò má sì rọ ayédèrú wá fún wa. Èkejì, ẹ má fi iyanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n, kí àwòrán ọ̀pẹ náà má baà parẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín, agbo ilé rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó ṣe lójú ogun sínú ìwé. Ẹbí tí kò bá fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí a sì dá a padà.

Àwọn kan lè wí pé àmì àmúnisìn ni, kí a gbàgbé rẹ̀. Lóòótọ́, ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jà fún. Ṣùgbọ́n orí ọmọ wa ni fìlà náà wà. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí a lè fọwọ́ kàn kún àrọ́bá náà fún àwọn ọmọ wa.

 Ìlú Ọ̀tà yóò máa gbòòrò sí i. Àṣẹ.