Ìpápánu Kì í Ṣe Oúnjẹ Àárọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti ń fi ìpápánu inú ọ̀rá dídán, èyí tí wọ́n kọ "protein" sí lára, dípò oúnjẹ àárọ̀. Gíráàmù 10 sí 20 èròjà amáradàgbà ló sábà máa ń wà nínú ẹyọ kan. Ṣúgà inú òmíràn sì pọ̀ bíi ti súìtì. Ẹ̀pà gíráàmù 100 ní nǹkan bíi gíráàmù 25 èròjà amáradàgbà. Róbó wa náà, ẹ̀gúsí tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fún òróró rẹ̀, tí wọ́n fi ata sí, tí wọ́n wá dín títí tó fi le kokoko, kò kẹ̀rẹ̀ rárá.

Lóòótọ́, ní Nìjẹ̀r lọ́dún 2005, oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní Plumpy'Nut, ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ wàrà, ṣúgà, òróró àti fítámì, gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ebi ti hàn léèmọ̀ là. Ìtọ́jú àìsàn nìyẹn. Ẹni tára rẹ̀ le, tó ń lọ sóko tàbí síléèwé, kó fi ìpápánu mú sùúrù títí oúnjẹ yóò fi dé ni. Ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ín-mọ́ín tí wọ́n fi ẹja sí ni mo fẹ́ kí ọmọ jẹ kó tó jáde nílé.